Bí ẹ ṣe lè rí owó ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣètò ààbò ẹ̀dá tó fẹ́ẹ́ kú àkúrun

Ẹyẹ kékeré kan wà ní Texas tí wọ́n ń pè ní golden-cheeked warbler. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n bíi wúrà. Bí ó bá fẹ́ kọ́ ìtẹ́, èèpo ara igi juniper tó ti gbó ló máa ń ṣí, á wá fi òwú aláǹtakùn dì í pọ̀. Juniper tí kò tíì gbó kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀. Texas nìkan ló ti ń yé, tó sì ti ń pamọ. Láti 1990 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ẹ́ kú àkúrun, ilẹ̀ aládàáni ló sì pọ̀ jù níbi tó ń gbé.

Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Endangered Species Act, èyí tó jáde ní 1973, kò gbà kí ẹnikẹ́ni pa irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ tàbí kó ṣe é léṣe. Ní 1982 ni wọ́n tún òfin náà ṣe: ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí la ọ̀nà lè gba ìwé àṣẹ, bó bá kọ ètò ààbò tí wọ́n ń pè ní Habitat Conservation Plan (HCP) sílẹ̀. Ètò yìí gbówó lórí. Ìdí nìyẹn tí owó ìrànwọ́ fi wà, ọ̀dọ̀ U.S. Fish and Wildlife Service, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko ìgbẹ́, ló sì ti ń wá.

Kí ẹ tó gbé katapílà wọ igbó, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lórí ilẹ̀ yín. Ẹ wọ IPaC, ìkànnì Fish and Wildlife Service lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ya ààlà ilẹ̀ náà sórí máàpù ibẹ̀, orúkọ àwọn ẹ̀dá tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ á jáde. Àmọ́ “ó ṣeé ṣe” kì í ṣe “ó wà.” Onímọ̀ nípa ẹranko gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn ín, lásìkò tó yẹ. Oṣù Kẹta ni ẹyẹ tí mo wí yìí ń padà dé láti ìhà Mexico, tí akọ rẹ̀ ń kọrin. Ẹni tó lọ wò ó nínú oṣù Kejìlá kò ní bá nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: owó yìí kì í bọ́ sọ́wọ́ onílẹ̀ tààrà. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá ní àdéhùn pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ ló ń tọrọ rẹ̀. Ní Texas, Texas Parks and Wildlife Department ni. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n kí ìkéde owó náà tó jáde, torí bó bá ti jáde, àsìkò kì í pọ̀ mọ́.

Ẹ kó àwọn aládùúgbò àti ìjọba káúńtì mọ́ra. Ìlú Austin àti Travis County ní Texas ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ní 1996 lórí ẹ̀dá mẹ́jọ: ẹyẹ méjì, àti ẹ̀dá wẹ́wẹ́ mẹ́fà tó ń gbé inú ihò àpáta. Wọ́n ní àwọn á ya ilẹ̀ tó tó 30,428 éékà sọ́tọ̀. Akọ́lé tó bá wọ inú ètò náà á san owó tirẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀ka mẹ́rin ni owó náà ní. Èyí tó jẹ́ ti ìṣètò wà fún yíyẹ ilẹ̀ wò, kíkọ ètò, ìwé àyẹ̀wò àyíká àti ìpàdé aráàlú. Ẹ má fi ra ilẹ̀ o. Ẹ̀ka mìíràn ló wà fún ìyẹn.

Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá pawọ́ pọ̀, ìdá 10 ni. Bí iṣẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo bá máa jẹ 400,000 dọ́là, 100,000 ni tirẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ owó gidi nìkan. Wákàtí òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n lè kà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí.

Ìpínlẹ̀ á fi ìwé ìtọrọ owó náà ránṣẹ́ lórí Grants.gov, ìkànnì owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀; 15.615 ni nọ́ńbà ètò owó yìí. Káúńtì tó máa gba nínú owó náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ láti SAM.gov, ìkànnì ìjọba àpapọ̀ mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fún un kì í ṣe ìjọba.

Bí owó bá wọlé, ìyẹn kì í ṣe ìwé àṣẹ o. Ẹ má ṣe tíì gé igi kankan. Ètò tí ẹ máa kọ gbọ́dọ̀ sọ ìpalára tí iṣẹ́ yín lè fà, bí ẹ ṣe máa dín in kù, ibi tí owó ààbò á ti máa wá, àti ọ̀nà mìíràn tí ẹ rò wò pẹ̀lú ìdí tí ẹ kò fi gbà á.

Ẹni tí ilẹ̀ tirẹ̀ kéré, tó kàn fẹ́ tún igbó ṣe fún àwọn ẹ̀dá yìí, kó wá Partners for Fish and Wildlife lọ, ètò mìíràn tí Fish and Wildlife Service ní. Láti 1987 ni wọ́n ti ń bá onílẹ̀ ṣiṣẹ́ tààrà. Ẹ pe ọ́fíìsì wọn tó sún mọ́ yín, kí ẹ ní kí wọ́n wá fojú ara wọn wo ilẹ̀ náà.