Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan airbag inú sítíárín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Corolla tòkunbọ̀ n'Ìbàdàn, kẹ́ ẹ tó gba Araromi ní Agodi Gate lọ ra airbag (àpò tó máa ń wú jáde láti dáàbò bo awakọ̀ tí mọ́tò bá kọlu nǹkan), ẹ kọ́kọ́ tẹ họ́ọ̀nù ná. Tí iná airbag ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn tí ò kú, tí họ́ọ̀nù náà ò sì dún mọ́, clock spring ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ tó ká jọ sábẹ́ sítíárín, òun ló ń gbé iná fún àwọn méjèèjì, ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe airbag yín rárá.

Ó yá. Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú gún régé, ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Kẹ́ ẹ wá jókòó. Mi ò ṣeré o! Toyota ní ó kéré tán 90 sẹ́kọ́ńdì, èmi ní kẹ́ ẹ fi ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lọ mu gààrí, torí brain box airbag, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀, ṣì ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́ tó lè mú airbag bẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tú bátìrì. Ẹ má sì fi meter tí wọ́n fi ń wọn iná wọn airbag fúnra ẹ̀ láéláé, iná kékeré inú meter yẹn lè bẹ́ ẹ.

Lára Corolla 2003 sí 2008, ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárín lọ́tùn-ún lósì, ẹ yọ ìdérí ẹ̀, T30, ìyẹn sukudiráfà tí ẹnu ẹ̀ rí bí ìràwọ̀, ló ń tú síkúrù inú ẹ̀. Tó bá ti dẹ̀, ẹ rọra fa airbag síta, ẹ má já a gbà, torí plọ́ọ̀gì yẹ́lò wà lẹ́yìn ẹ̀, ó sì ní lọ́ọ̀kì kékeré kan tẹ́ ẹ máa fi sukudiráfà tín-ín-rín gbé sókè kó tó jáde. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ, kí ojú ẹ̀ má kọ sí yín. Tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀, kí ojú ẹ̀ wo òkè, torí tó bá dojú bolẹ̀ tó sì bẹ́, gbogbo irin ẹ̀yìn ẹ̀ á fò sókè bí òkò.

Tó bá jẹ́ clock spring lẹ fẹ́ pààrọ̀, sítíárín gan-an gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ibi tó wà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Tuntun máa ń wá pẹ̀lú téèpù tó dì í mú láàárín, ẹ má yí i ṣeré, tó bá kúrò láàárín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yí sítíárín dé ìpẹ̀kun ló máa já.

Tòkunbọ̀ airbag ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa o, àwọn kan á kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí tó ti bẹ́, kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Òmíì ní plọ́ọ̀gì kan, òmíì méjì, kó bá tiyín mu. Tẹ́ ẹ bá rí Takata, orúkọ ilé iṣẹ́ kan tó ṣe airbag, lára ẹ̀, ẹ dá a padà, ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba kẹ́míkà tó ń mú àwọn kan nínú wọn bẹ́ jẹ́, tó bá bẹ́, àfọ́kù irin ló máa fọ́n sójú awakọ̀. Rewaya tó bá ní òun á fi resistor, ìyẹn ohun kékeré tó ń tan brain box jẹ bíi pé airbag wà níbẹ̀, pa iná náà, ẹ kí i pé ó dàbọ̀: iná á kú lóòótọ́, airbag ò ní jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọlu nǹkan.

Tẹ́ ẹ bá dá gbogbo ẹ̀ padà tán, bátìrì lẹ máa so kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má wà nínú mọ́tò. Ẹ dúró síta, ẹ na ọwọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, iná airbag á tàn fún bíi sẹ́kọ́ńdì 6, á sì kú. Tí ò bá kú, ẹ tún tú bátìrì, ẹ dúró bíi tàkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá wo plọ́ọ̀gì yẹ́lò yẹn bóyá ó wọlé dáadáa.