Bí a ṣe tọ ipasẹ̀ Fannie Lou Hamer ní Mississippi

Ìyá mi wá kí wa ní Memphis láti Ìbàdàn, mo bá ní kí n mú wọn lọ sí agbègbè Delta ní Mississippi, ká tọ ipasẹ̀ Fannie Lou Hamer, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jà kí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lè dìbò. Títì 61 la gbà. Oko ni lọ́tùn-ún, oko ni lósì, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Màmá ní, "Ta ló ni gbogbo ilẹ̀ yìí?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló wà nídìí ìtàn obìnrin náà.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ gba Ruleville, ìlú tí Hamer gbé, kọjá, ó di ilé ẹjọ́ Indianola. Ibẹ̀ ni òun àti èèyàn 17 mìíràn wọ bọ́ọ̀sì lọ ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1962, kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ẹni ọdún 44 ni, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ 20, láti ọmọ ọdún 6 ló sì ti ń já owú lóko olóko. Wọ́n dán an wò kó tó lè forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní kó ṣàlàyé òfin "de facto", ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ láìsí nínú ìwé òfin. Ó ní ohun tí òun mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí ẹṣin mọ̀ nípa ọjọ́ Kérésì lọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí.

A wá gba títì 49W padà sí Ruleville. Nígbà tí àwọn Hamer ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ọlọ́pàá dá wọn dúró, wọ́n ní àwọ̀ ìyeyè bọ́ọ̀sì wọn ti pọ̀ jù, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni olóko lé e kúrò níbi tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 18, torí pé ó kọ̀ láti yọ orúkọ rẹ̀. Èsì tó fún un ni pé: "Mi ò torí yín lọ forúkọ sílẹ̀, torí ara mi ni."

Winona, níbi tí wọ́n ti lù ú ní àtìmọ́lé lọ́dún 1963 débi tí kíndìnrín rẹ̀ fi bàjẹ́, kò sí lójú ọ̀nà wa. Inú mọ́tò ni mo ti sọ ọ́. Màmá ṣépè.

Ère rẹ̀ ní Ruleville di makirofóònù mú. Ọ̀rọ̀ tó sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic ní Atlantic City lọ́dún 1964 ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, tí Ààrẹ Johnson sáré pe àwọn oníròyìn kí tẹlifíṣọ̀n lè gbójú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n tún wá gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lálẹ́. Ní tèmi, oko tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1969, Freedom Farm, ló wù mí jù. Ó ti rí i pé ẹni tí olóko ń bọ́, olóko ló ni ìbò rẹ̀. Éékà 40 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ní báńkì ẹlẹ́dẹ̀: ìdílé kan á gba abo tó lóyún, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ títí tó fi bímọ, àwọn ọmọ á di tiwọn, ìyá á padà sí báńkì fún ẹlòmíràn.

"Ṣé bí a ṣe ń fún èèyàn ní ewúrẹ́ sìn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó jọ ọ́."

"Oko ọ̀hún ńkọ́?"

Mo ní kò pé ọdún 10 tí gbèsè fi gbé e ṣánlẹ̀. Màmá pòṣé, wọ́n tún wo ère yẹn látòkè délẹ̀, wọ́n ní ká ní àwọn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, abo ẹlẹ́dẹ̀ kan ì bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.