Bí Mo Ṣe Yanjú Ìlà Funfun Lórí Àyẹ̀wò Lẹ́ǹsì Ojú Pẹ́pẹ́yẹ

Epsilon-crystallin, purotéènì kan inú lẹ́ǹsì ojú pẹ́pẹ́yẹ, kì í ṣe ohun mìíràn ju lactate dehydrogenase B lọ, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn ẹyẹ kan náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi hàn ní ọdún 1987. Nígbà tí a fi áńtíbọ́dì (purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó) tó mọ ẹ́ńsáìmù yìí wá a lórí western blot, àyẹ̀wò tó ń to purotéènì sí ìlà-ìlà bí wọ́n ṣe tóbi sí, ní Adó-Èkìtì, omi tí a fún láti inú ọkàn pẹ́pẹ́yẹ gbé ìlà dúdú kan jáde kedere nítòsí 35 kDa (ìwọ̀n bí purotéènì ṣe tóbi tó), ṣùgbọ́n ìlà ti lẹ́ǹsì funfun láàárín, etí rẹ̀ nìkan ló dúdú.

Áńtíbọ́dì kò jẹ̀bi rárá. Purotéènì yìí lè ju 10% gbogbo purotéènì inú lẹ́ǹsì pẹ́pẹ́yẹ lọ, nítorí náà áńtíbọ́dì rọ́ jọ sí ojú kan, HRP, ẹ́ńsáìmù tó wà lára áńtíbọ́dì kejì tó ń lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, sì ti lo èròjà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tán kí ẹ̀rọ tó ya àwòrán; ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ló ń dúdú lórí àwòrán náà. Mo wá la omi lẹ́ǹsì náà ní 1:10, 1:100 àti 1:1000, mo sì fi ti ọkàn sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí omi lẹ́ǹsì ti ń fúyẹ́ sí i ni àárín ìlà náà ń dúdú, títí tó fi bá ti ọkàn dọ́gba.

Láti rí i pé ẹ́ńsáìmù náà ṣì ń ṣiṣẹ́, mo lo jẹ́ẹ̀lì tí kò ní SDS (kẹ́míkà tó ń ba ìrísí purotéènì jẹ́), n kò se omi lẹ́ǹsì náà lórí iná, mo sì fi lactate tí ẹ́ńsáìmù náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí, pẹ̀lú NAD, PMS àti NBT, àwọn kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí àwọ̀ yọ bó bá ń ṣiṣẹ́, rẹ jẹ́ẹ̀lì náà nínú òkùnkùn. Àwọ̀ àlùkò yọ níbi tí ẹ́ńsáìmù wà, ó sì dùn mọ́ mi púpọ̀.