Bí a ṣe ń fi desíbẹ́ẹ̀lì ṣírò

Desíbẹ́ẹ̀lì, tí a ń kọ ní dB, kì í ṣe ìwọ̀n bíi mítà tàbí wáàtì. Ńṣe ló ń fi nǹkan méjì wéra. Bí ẹnì kan bá ní sígínà kan jẹ́ 20 dB, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ẹ fi wé kí ni?

Bó bá jẹ́ agbára, ẹ fi èyí tó wọlé pín èyí tó jáde, ẹ wo lọ́gárídímù èsì náà (ti 10, ìyẹn bọ́tìnì “log” lórí ẹ̀rọ ìṣirò), kí ẹ wá fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Wáàtì 2 wọ inú amplifáyà (ẹ̀rọ tó ń sọ sígínà di ńlá), wáàtì 50 jáde: 50 ÷ 2 jẹ́ 25, lọ́gárídímù rẹ̀ jẹ́ 1.398, ó di 14 dB. Bí èyí tó jáde bá kéré ju èyí tó wọlé, èsì á wà lábẹ́ òdo: ìdajì jẹ́ −3 dB.

Fóltéèjì ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. 20 la fi ń sọ tirẹ̀ di púpọ̀, torí pé bí fóltéèjì bá di ìlọ́po 2, agbára á di ìlọ́po 4. Èsì náà ò sì ní bá ti agbára mu àfi tí iye ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) níbi méjèèjì tí ẹ ti wọ̀n ọ́n bá dọ́gba.

Ẹ̀rọ ìṣirò ò pọn dandan. Ẹ há a sórí pé 3 dB jẹ́ ìlọ́po 2, 10 dB sì jẹ́ ìlọ́po 10. 14 dB òkè yẹn jẹ́ 10 + 10 − 3 − 3, ìyẹn 100 tí a pín sí 4: 25 náà ló padà jáde.

dBm ti sọ ohun tó ń fi wéra tẹ́lẹ̀: mílíwáàtì 1. Torí náà 0 dBm jẹ́ mílíwáàtì 1, 30 dBm jẹ́ wáàtì 1. Bí rédíò bá gbé 20 dBm jáde, tí wáyà jẹ 3 dB, tí áńtẹ́nà fi 9 dBi kún un (dBi ni dB tí a fi wé áńtẹ́nà tó ń tan agbára káàkiri lọ́gbọọgba), ó di 26 dBm, nǹkan bíi mílíwáàtì 400, níhà ibi tí áńtẹ́nà kọjú sí nìkan. Áńtẹ́nà kì í dá agbára. Ó kàn ń darí rẹ̀ síbì kan ni.

Ẹ má ro dBm mọ́ dBm láé. Rédíò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá gbé sígínà tirẹ̀ jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 dBm, kò lè di 40 dBm. Wáàtì 10 nìyẹn! Ẹ dá wọn padà sí mílíwáàtì ná: 100 + 100 jẹ́ 200, ìyẹn 23 dBm. Ti wáyà ni ẹ lè rò pọ̀ bẹ́ẹ̀: bí mítà 10 bá ń jẹ 2 dB, mítà 30 á jẹ 6 dB, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára náà péré ló sì máa dé òpin rẹ̀.