Tí Ewé Ọ̀dùnkún Bá Ń Lọ́ Pọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe

Ọ̀dùnkún tí fáírọ́ọ̀sì bá mú kì í tètè kú. Ewé rẹ̀ á kàn kéré, á tín-ín-rín, á lọ́ pọ̀, ìtàkùn rẹ̀ kò sì ní fà. Ọjọ́ tí ẹ bá wá wà á, gbòǹgbò tí kò tó ìka ọwọ́ lẹ máa bá nídìí ebè. Tó bá le gan-an, apẹ̀rẹ̀ kan péré lẹ lè rí níbi tó yẹ kí ẹ ti kó mẹ́wàá.

Fáírọ́ọ̀sì méjì ló máa ń pawọ́ pọ̀ ṣe èyí. Eṣinṣin funfun wẹ́wẹ́ tó máa ń fò sókè tí ẹ bá mi ewé ẹ̀gẹ́ ló ń gbé ọ̀kan kiri. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń ṣù mọ́ ọ̀mùnú ewé láti fa omi rẹ̀ ló ń gbé èkejì. Tí èkejì yìí bá dá wà, ó lè má hàn rárá. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé lára ìtàkùn kan ni wàhálà dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ewé tó bá pọ́n ni fáírọ́ọ̀sì o. Tí gbogbo oko bá pọ́n bákan náà, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti ṣá tàbí kí omi dúró sí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko nìkan ló lọ́, ẹ mọ ohun tó fà á. Fáírọ́ọ̀sì máa ń ṣa ebè mú: ọ̀kan á ràgọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á dára.

Kò sí oògùn tí ẹ lè fọ́n sí i tí yóò wò ó sàn. Ẹni tó bá ní òun ń ta irú rẹ̀, owó yín ló ń wá. Láàárín oṣù àkọ́kọ́, ẹ fa èyí tó bá ṣàìsàn tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sá a sórí sìmẹ́ǹtì títí yóò fi gbẹ pátápátá, tàbí kí ẹ fún ewúrẹ́ jẹ. Àrùn yìí kì í ran ẹranko, kì í ran ènìyàn, nítorí náà iṣu kékeré tí ẹ bá rí nídìí rẹ̀ ṣeé sè jẹ.

Inú ìtàkùn tí à ń gbìn gan-an ni àrùn yìí ti ń wọlé. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é: ebè tó ta dáadáa la máa ń kọ́kọ́ wà tà, èyí tí kò ní nǹkan nídìí la máa ń fi sílẹ̀, òun la ó sì gé gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Àrùn la ń ṣà lẹ́ṣà! Nígbà tí ọ̀dùnkún bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ rìn yí oko ká láàárọ̀, kí ẹ so àkísà mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè tí ewé rẹ̀ mọ́ tí ìtàkùn rẹ̀ sì fà. Lára àwọn wọ̀nyí nìkan ni kí ẹ ti gé orí ìtàkùn, kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá máa ń pa ìtàkùn yín, ẹ ṣa iṣu tí kòkòrò kò lu látinú ebè tí ẹ sàmì sí yẹn, kí ẹ bò ó mọ́ inú yanrìn gbígbẹ nínú ilé. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ gbìn ín síbi tí ẹ ti lè bomi rin ín, kó jìnnà sí oko àtijọ́. Ìtàkùn tó bá hù lẹ máa gé.

Fáírọ́ọ̀sì méjèèjì kì í gbé inú iyẹ̀pẹ̀, inú iṣu tí ẹ gbàgbé sílẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí. Ẹ fa gbogbo èyí tó bá tún hù fúnra rẹ̀ tu, pẹ̀lú àlùkerese ara ọgbà, nítorí ìbátan ọ̀dùnkún ni.

Tí gbogbo àdúgbò bá ti kó o, ẹ béèrè ìtàkùn mímọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ADP ìpínlẹ̀ yín, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Umudike ní Ìpínlẹ̀ Abia ni ibùdó ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀dùnkún wà. Irú tuntun tí inú rẹ̀ pupa bí ọsàn, bíi Mother's Delight, dára fún ojú àwọn ọmọdé, àmọ́ òun náà lè kó àrùn. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà, ẹ kọ́kọ́ gbìn ín sí igun ọ̀tọ̀ fún oṣù kan, kí ẹ wo ewé tuntun tó bá yọ kí ẹ tó gé e lọ sóko.