Bí A Ṣe Ń Yan Kàtúùnù àti Fíìmù fún Àwọn Ọmọ Wa Kéékèèké

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí wa l'Óṣogbo. Ọlidé ti ń bọ̀, àwọn ọmọ máa wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí iná bá sì wà, ìdí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n máa jókòó sí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká tètè sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ni mò ń tọ́jú, krẹ́ẹ̀ṣì ni mo ní lápá Òkè-Fìà, ohun tí mo sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí jù ni "ṣebí kàtúùnù ni, kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Ó máa ń fi wọ́n ṣe nǹkan o. Kì í ṣe gbogbo kàtúùnù ni wọ́n ṣe fọ́mọdé. Ẹ wo Sausage Party tó jáde lọ́dún 2016, oúnjẹ inú ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ̀rọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀, ẹni tó bá rí àwòrán iwájú ẹ̀ á rò pé tàwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, bẹ́ẹ̀ R, ìyẹn àmì fíìmù tí kì í ṣe tọmọdé, ni wọ́n fún un l'Amẹ́ríkà, ìṣekúṣe àti èébú ló kún inú ẹ̀. Ẹni tó ń bá yín kó fíìmù sórí fláàṣì lè má mọ̀ rárá, bó bá ti rí i pé àwòrán ni, inú fódà kàtúùnù ló máa jù ú sí.

Torí náà kẹ́ ẹ tó wo fíìmù, ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ. Ọmọ ọdún 3 àti ọmọ ọdún 8 kì í bẹ̀rù nǹkan kan náà. Èyí tí ò tíì tó nǹkan bí ọdún 7, ìrísí ló máa ń bà á lẹ́rù, ohun tójú ẹ̀ rí tétí ẹ̀ sì gbọ́: eyín gígùn, ojú pupa, èèyàn tó ṣàdédé di ẹranko, òkùnkùn, ariwo òjijì. Ẹ lè máa sọ fún un pé ẹni tójú ẹ̀ burú yẹn lọ́kàn tó dáa, kò kàn án, bó ṣe rí lójú báyìí lòun ń wò. Àmọ́ tọ́mọ bá ti ń lọ sí ọdún 8, ọdún 9, ojú burúkú ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà á mọ́, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ló ń rò, olè, ajínigbé, iná tó jó ilé, kí màmá òun jáde kó má padà wọlé. Ẹ wá rí i pé fíìmù kan náà lè mú àbúrò sunkún torí ẹranko inú ẹ̀, kó sì gba oorun lójú ẹ̀gbọ́n torí ọmọ inú ẹ̀ sọnù.

Ohùn náà ńkọ́, ọ̀pọ̀ wa kì í rò ó. Ẹ wo ọmọ kékeré tẹ́rù ń bà nídìí tẹlifíṣọ̀n, etí ló máa kọ́kọ́ dì, kì í dijú. Á fi ìka méjèèjì di etí pa, ojú ẹ̀ á ṣì wà lára tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, á ti fa ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ bọ ẹnu tó ń jẹ ẹ́, á ká ẹsẹ̀ wá sábẹ́ ìdí. Tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ má tíì sáré pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀ gan-an ná, torí orin ìbẹ̀rù yẹn, ìlù tó ń dún gbì gbì gbì yẹn, òun ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ á yọ ìka létí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ dá a lóhùn. Tó bá jẹ́ pé "ṣé ó máa jí?" ló ń bi yín nípa ẹni tó kú, ẹ dá fíìmù dúró kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún un pé kò ní jí, kẹ́ ẹ fà á mọ́ra, ẹ má parọ́ fún un, torí ó máa jókòó ti fíìmù yẹn títí tó fi máa parí ni, á máa retí ẹni tó kú.

Ọ̀rọ̀ ikú yìí gan-an ló gbẹgẹ́ jù nínú fíìmù àwọn ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó lókìkí jù, òbí máa ń kú nínú ẹ̀, ó sì máa ń tètè kú. The Lion King tọdún 1994, bàbá kìnnìún kú, ọmọ rẹ̀ ń fi orí tì í pé kó dìde, kó jẹ́ káwọn máa lọ sílé. Finding Nemo tọdún 2003, fíìmù ò tíì gbéra tí ẹja ńlá ti pa ìyá àti gbogbo ẹyin tó yé, ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Frozen tọdún 2013, bàbá àti ìyá wọkọ̀ ojú omi, wọ́n ò padà wálé mọ́. Fíìmù tó dáa ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fẹ́ràn wọn, mi ò ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ fọ́mọ, ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kó tó bá yín lójijì. Ọmọ tí bàbá ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣaláìsí tí wọ́n ṣì ń sọ fún un pé bàbá rìnrìn àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kìnnìún yẹn kàn án báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà lọmọ tí màmá ẹ̀ ti jápa tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, irú wọn pọ̀ ládùúgbò wa, fíìmù tí bàbá ti ń wá ọmọ tó sọnù kiri lè tẹ ojú egbò fún un. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó ń lọ nínú ilé yín, àwọn tó ń fún fíìmù ní àmì ọjọ́ orí ò mọ̀ ọ́n.

Àmì yẹn ṣì wúlò ṣá, ẹ máa wò ó. Ní Nàìjíríà níbí, National Film and Video Censors Board tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀ ló ń fi àmì sórí fíìmù: G, tọmọdé tàgbà lè wò ó, PG, kí òbí wà nítòsí, lẹ́yìn náà 12, 15 àti 18. T'Amẹ́ríkà ni G, PG, PG-13 (kí òbí ṣọ́ra fọ́mọ tí ò tíì pé ọdún 13), R. Àmọ́ ẹ wò ó o, Finding Nemo tí mo sọ pé ìyá kú níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, G ni. The Lion King tọdún 1994, G ni òun náà, nígbà tí wọ́n wá tún un ṣe lọ́dún 2019 táwọn ẹranko inú ẹ̀ dà bí ojúlówó ẹranko, ó di PG, bẹ́ẹ̀ ìtàn kan náà ni. Àmì máa ń sọ fún yín nípa èébú, ìhòòhò, ẹ̀jẹ̀ àti ìjà, kò lè sọ bóyá ọmọ tiyín máa sùn lóru yẹn.

Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó fúnra yín ló dáa jù, bá a ṣe máa ń tọ́ ọbẹ̀ wò ká tó bù ú fọ́mọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà Ọba dé, tó rẹ̀ tẹnutẹnu, kò lè jókòó wo kàtúùnù fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ wo ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 tó ṣáájú ìparí. Ibẹ̀rẹ̀ ni òbí ti sábà máa ń kú (àfi àwọn bíi The Lion King, tó jẹ́ pé ó sún mọ́ àárín kí bàbá tó kú), apá ìparí ni wọ́n sì ti máa ń bá ẹni burúkú jà, tó bá ti kọjá méjì yìí, èyí tó kù sábà máa ń jẹ́ eré àti orin. Tẹ́ ò bá ráyè ìyẹn náà, ẹ lọ sórí Common Sense Media lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tẹ orúkọ fíìmù, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ nǹkan tó wà nínú ẹ̀ àti ọmọ ọdún mélòó tí wọ́n rò pé ó bá mu, dátà tó máa jẹ ò tó nǹkan.

Àǹfààní míì tún wà nínú pé kẹ́ ẹ mọ ìparí fíìmù, ó ṣe pàtàkì gan-an nílùú tiwa yìí. Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tọ́mọ inú fíìmù wà nínú ihò tí ẹranko ń bọ̀ wá bá a, ibẹ̀ ni fíìmù dúró sí lọ́kàn ọmọ yín, ibẹ̀ náà ló máa bá sùn. Ẹ pè é sọ́dọ̀ nínú òkùnkùn yẹn kẹ́ ẹ sọ ìyókù ìtàn fún un, bí ọmọ yẹn ṣe bọ́ àti bó ṣe dé ilé, kẹ́ ẹ sọ ọ́ títí dé ibi tó ti jẹun tó sì sùn.

Ní ti iye àkókò, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 2 kó má jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù rárá, èyí tó wà láàárín ọdún 2 sí 4 kó má ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́, tí ò bá tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ó dáa jù. The Lion King àtijọ́ yẹn, ìṣẹ́jú 88 ni, Frozen jẹ́ 102, torí náà fíìmù kan ti ju ti ọjọ́ kan lọ fọ́mọ ọdún 3. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọrin tàbí tí wọ́n ti ń jẹun ni kẹ́ ẹ ti dá a dúró, ẹ má ṣe gé e síbi ìjà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ kó fíìmù ní Old Garage tàbí lápá Ọlá-Ìyá, fláàṣì tó ṣófo ni kẹ́ ẹ gbé lọ, ẹ kọ orúkọ fíìmù tẹ́ ẹ fẹ́ sínú ìwé, ẹ ní ìwọ̀nyẹn nìkan ni kí wọ́n kó, torí tí wọ́n bá ní "ẹ jẹ́ n bá yín kún un", fíìmù àgbà máa wọ inú ẹ̀, tọ́mọ bá sì ti ń tẹ rìmóòtù kiri, ó máa kàn án. Tó bá jẹ́ YouTube, ẹ má gbé fóònù yín lé e lọ́wọ́ báyẹn, ẹ fi YouTube Kids, èyí tí wọ́n ṣe fọ́mọdé, síbẹ̀, ọ̀nà kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé fídíò tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí nìkan lọmọ máa rí, kẹ́ ẹ sì pa èyí tó máa ń gbé fídíò míì wọlé fúnra ẹ̀. Nígbà kan rí, lọ́dún 2017, ariwo pọ̀ lórí àwọn fídíò tí wọ́n fi àwòrán táwọn ọmọ mọ̀ ṣe, tí nǹkan burúkú wà nínú ẹ̀, abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ àti ẹ̀jẹ̀, èèyàn á gbọ́ orin ọmọdé láti kíṣìnì, á rò pé kò séwu. Lórí Netflix, ẹ ṣí àyè tọmọ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi PIN ti tiyín. DStv náà ní PIN tí wọ́n fi ń ti ṣánẹ́ẹ̀lì pa.

Ẹ wá jẹ́ n sọ èyí tó ń dùn mí jù. A máa yan kàtúùnù fọ́mọ dáadáa lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ gbogbo ilé á wá jókòó síwájú fíìmù Yorùbá tí wọ́n ti ń gé orí èèyàn ṣoògùn owó, àjẹ́ ń fò, òkú ń jí, ọmọ ọdún 4 á wà ní ìtàn màmá ẹ̀ tójú ẹ̀ là kalẹ̀. A ní "kò mọ nǹkan kan." Ó mọ̀ ọ́n o! Àwọn tó máa ń kọ̀ láti dá lọ tọ̀ ní krẹ́ẹ̀ṣì wa, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, fíìmù alẹ́ ni wọ́n máa ń sọ fún yín, kì í ṣe kàtúùnù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn ná. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi gbogbo ọgbọ́n yan fíìmù ọ̀sán kẹ́ ẹ wá fi talẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá ní "ẹ kú àárọ̀" wọ́n á kàn máa wò yín. Ẹ wá fíìmù tí kò lọ́rọ̀ nínú, Shaun the Sheep Movie tọdún 2015, àgùntàn ni, kò sẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan tó já gaara nínú ẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi Yorùbá sọ ọ́ fún un bó ṣe ń lọ, "wò ó, ó ti gun orí ògiri o, ó fẹ́ já bọ́!", ọmọ á máa dá yín lóhùn, ó sì ń dùn mọ́ wọn gan-an. Bino and Fino wà pẹ̀lú, kàtúùnù tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà níbí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń gbé ọ̀dọ̀ màmá àgbà àti bàbá àgbà, àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6 fẹ́ràn ẹ̀. Kàtúùnù míì tó ń jẹ́ Iwájú, tó jáde lọ́dún 2024, Èkó ni ìtàn ẹ̀, ó rẹwà lójú, àmọ́ ajínigbé wà nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ti ọmọ ọdún 8 lọ sókè.

Tẹ́rù bá wá ba ọmọ náà ńkọ́? Ẹ má pè é ní ojo, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Fọ́mọ kékeré, "irọ́ ni, kì í ṣòótọ́" kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, àlàyé gígùn ò lè ràn án lọ́wọ́ nígbà yẹn, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ fún un lómi mu, ẹ tanná, ẹ jẹ́ kó di nǹkan tó fẹ́ràn mú. Ọmọ ọdún 8 ni ẹ lè bá sọ̀rọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe yà á, báyìí ni wọ́n ṣe gbé ohùn sí i.

Tó bá wá jẹ́ pé ọmọ pọ̀ nílé, bíi lóṣù kẹjọ táwọn ẹbí máa ń wá ṣọdún Ọ̀ṣun, tí ọmọ ọdún 2, 5 àti 11 wà nínú pálọ̀ kan náà, èyí tó kéré jù ni kẹ́ ẹ fi yan fíìmù. Àwọn ńlá á kùn o, wọ́n á ní tọmọ ọwọ́ nìyẹn. Ẹ ṣèlérí fún wọn pé tàwọn náà ń bọ̀ táwọn kéékèèké bá ti sùn, kẹ́ ẹ sì mú ìlérí yẹn ṣẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.