Bí mo ṣe fi Bluetooth ka bí fírísà ṣe tutù tó, tó fi gbé mi dé inú kóòdù ẹlòmíì

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ò jọ nǹkan ńlá rárá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí fóònù mi máa sọ fún mi bí inú fírísà ṣe tutù tó, kó má sí waya láàárín àwọn méjèèjì, kó má gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, kó má sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tó máa kó nọ́ńbà yẹn pa mọ́ sọ́dọ̀ ara wọn. Mo wá fi ọ̀kan kún un pé, níbi tí mo bá ti lè rí kóòdù tó jẹ́ open source, ìyẹn èyí tó wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà, òun ni màá lò, látorí bóòdù títí dé orí fóònù. Àwọn kan á ní kí lèyí já mọ́, ṣebí kí nǹkan ṣáà ti ṣiṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ.

Bóòdù tí mo lò, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní ojú, ni ESP32, tí ilé-iṣẹ́ Espressif ń ṣe látọdún 2016, Wi-Fi àti Bluetooth ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. ESP-IDF tí wọ́n fi ń kọ kóòdù fún un wà ní gbangba lábẹ́ àṣẹ Apache 2.0, ẹnikẹ́ni lè ṣí i kà, kó tún un ṣe, kó lò ó. Apá tó ń darí rédíò fúnra ẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣì tì pa, ó sì ń dùn mí pé ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù pọ̀ gan-an. Sẹ́ńsọ̀ tí mo so mọ́ ọn ni DS18B20, èyí tí wọ́n fi irin bò lórí tí omi ò lè wọ̀, tó ní waya gígùn nídìí, tó lè ka òtútù láti dígírì 55 nísàlẹ̀ òdo títí dé ooru 125.

Ẹ máa béèrè pé ṣebí mo ní mi ò fẹ́ waya, kí wá ni ti waya gígùn. Mo kọ́kọ́ ti gbogbo bóòdù náà bọ inú fírísà pátápátá ni o. Níta, fóònù ń gbọ́ ọ ní nǹkan bíi −58 dBm, òṣùwọ̀n agbára rédíò nìyẹn, bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn báyìí ó já wálẹ̀ sí −93, ó ń já, ó ń so, ó tún ń já. Ẹni tí ò bá mọ nọ́ńbà yìí lè rò pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá fi 10 wálẹ̀, agbára tó dé ọ̀dọ̀ fóònù ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá nìyẹn, tó bá wá fi 35 wálẹ̀, ó ti lé ní ìlọ́po 3,000 tó fi dínkù. Irin ló yí fírísà ká, irin kì í sì í jẹ́ kí rédíò 2.4 GHz kọjá bó ṣe yẹ. Mo bá gbé bóòdù síta, orí sẹ́ńsọ̀ nìkan ló wà nínú, waya ẹ̀ gba abẹ́ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn kọjá. Ó tán síbẹ̀.

Ohun kan tún wà níbi sẹ́ńsọ̀ yìí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ó fẹ́ resistor 4.7 kilo-ohm, nǹkan kékeré tó ń dín iná kù, láàárín waya data àti waya iná. Mo gbàgbé ẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, −127 ni mò ń rí ṣáá. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe òtútù, ohun tí library (kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó) tó ń ka sẹ́ńsọ̀ máa ń fún yín nìyẹn tí kò bá gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ rárá. Ẹ rántí −127 yìí o, a máa padà bá a.

Bluetooth tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tá a fi ń gbọ́ orin o, Bluetooth Low Energy ni, èyí tó wọlé pẹ̀lú Bluetooth 4.0 lọ́dún 2010, èyí tó máa ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà kó má bàa jẹ bátìrì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ wù mí débi pé mo lè máa sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bóòdù náà dà bí akéde, á dákẹ́ fúngbà díẹ̀, á jí, á lu agogo, á pe orúkọ ara ẹ̀ àti ohun tó ní, á tún dákẹ́. Ìkànnì 40 ló wà, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló fi ń kéde, 37, 38 àti 39, nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra, ṣùgbọ́n lórí rédíò wọn ò tò wọ́n tẹ̀ léra, wọ́n dìídì há wọn sáàárín ibi tí Wi-Fi kì í ti í sábà pariwo, kí akéde má bàa máa kígbe láàárín ọjà. Ẹni tó ro nǹkan yìí ronú dáadáa. Tí fóònù bá gbọ́ tó sì so mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á wá máa fò láti ìkànnì kan sí òmíràn lórí àwọn 37 tó kù, wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n máa fò sí.

Kóòdù orí bóòdù ò pẹ́ mi rárá, NimBLE ni mo lò, kóòdù tó ń bá bóòdù darí Bluetooth, èyí tó wá láti inú Apache Mynewt, open source lòun náà. Mi ò dá nọ́ńbà tara mi sílẹ̀ fún ohun tí mò ń kéde, mo lo èyí tó ti wà nínú òfin Bluetooth: 0x181A fún ohun tó jẹ mọ́ ojú ọjọ́ àti àyíká, 0x2A6E fún ooru àti òtútù. Torí kí ni? Torí pé áàpù ẹlòmíì tí mi ò mọ̀ rí lè ka sẹ́ńsọ̀ mi láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Òfin 0x2A6E ni pé báìtì méjì lẹ máa fi ránṣẹ́, ìdá ọgọ́rùn-ún dígírì ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé dígírì 24.56 á di 2456, àti pé nọ́ńbà náà lè lọ sísàlẹ̀ òdo. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ òdo yẹn ni gbogbo ìtàn yìí dá lé.

Mo wá dé orí fóònù. Kotlin, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù Android, ni mo fi kọ ọ́, mo sì mú library open source kan tó ń bá èèyàn bá Bluetooth sọ̀rọ̀, tó sì tún ń túmọ̀ báìtì tó bá dé, ó fi ọ̀pọ̀ wàhálà pa mọ́ fún mi. Èyí tí kò lè fi pa mọ́ ni àṣẹ: láti Android 12 ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ BLUETOOTH_SCAN àti BLUETOOTH_CONNECT, lórí fóònù àtijọ́ tí mo fi ń dán an wò, tó jẹ́ Android 9, àṣẹ láti mọ ibi tí èèyàn wà ló ń béèrè kó tó lè gbọ́ akéde. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ kí n lo ìrọ̀lẹ́ kan gbáko, pé látorí Android 7, tí áàpù yín bá bẹ̀rẹ̀ scan, ìyẹn kó máa wá akéde, ju ìgbà márùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, fóònù ò ní sọ fún yín pé òun ò ṣe é, á kàn dákẹ́ ni, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Mò ń ṣí i, mò ń pa á, mò ń ṣí i, mo rò pé bóòdù ti kú. Torí pé kóòdù Android fúnra ẹ̀ wà ní gbangba ni mo ṣe lè lọ wá ibi tí wọ́n ti ń ka ìgbà márùn-ún yẹn, tí mo fi ojú ara mi rí i.

Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe dé ojú fóònù báyìí, 24.56, mo dìde dúró. Mo fi ọwọ́ di orí sẹ́ńsọ̀ mú, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, 25, 26, 28, mo fi í sílẹ̀, ó tún ń bọ̀ wálẹ̀. Kò sí waya kankan láàárín wọn! Mo ti ń kọ kóòdù ọjọ́ ti pẹ́, ṣùgbọ́n kí nǹkan tí mo kọ sórí ẹ̀rọ kan gba afẹ́fẹ́ kọjá lọ bá èyí tí mo kọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, kò tíì sú mi, mi ò sì rò pé ó máa sú mi.

Mo wá ti sẹ́ńsọ̀ bọ inú fírísà, mo jókòó tì í. 10, 5, 2, 1, 0.06, 0.00, ó wá di 655.30.

655.30 dígírì nínú fírísà.

Mo dúró wò ó, 655.24, 655.18, ó ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí nǹkan tó ń tutù lóòótọ́, títí ó fi dúró sí 637.36. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo so kọ̀ǹpútà mọ́ bóòdù láti gbọ́ ohun tí òun fúnra ẹ̀ ń sọ: −18.00. Sẹ́ńsọ̀ ò ṣẹ̀, nìyẹn. Ṣé ojú ọ̀nà ni nǹkan ti bàjẹ́ ni? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó bá ti wọ inú afẹ́fẹ́, a ò lè rí i mọ́. Irọ́ ni o. Nínú Developer options orí Android, ohun kan wà tó ń jẹ́ Bluetooth HCI snoop log, ẹ tàn án, kẹ́ ẹ pa Bluetooth kẹ́ ẹ tún tàn án, fóònù á máa kọ gbogbo ohun tó ń bá rédíò ẹ̀ sọ sílẹ̀ báìtì kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹ gbé fáìlì yẹn sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi Wireshark, tó ń tú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wò, ṣí i, open source nìyẹn náà. Mo wá 0x2A6E nínú ẹ̀, mo rí báìtì méjì tó dé: F8 F8. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ nọ́ńbà báìtì sílẹ̀ nìyẹn, F8 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 248.

Ó dùn mọ́ mi pé méjèèjì jọra. Tí wọ́n bá yàtọ̀, mo ti lè máa fura pé bóyá ẹnì kan ka èyí tó yẹ kó kẹ́yìn ṣáájú, ṣùgbọ́n F8 F8, bẹ́ ẹ bá kà á láti iwájú tàbí láti ẹ̀yìn, nǹkan kan náà ni. Mo bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Tẹ́ ẹ bá ka F8F8 gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tí kì í lọ sísàlẹ̀ òdo, 63736 ni. Tẹ́ ẹ bá kà á bí òfin ṣe ní kẹ́ ẹ kà á, ẹ yọ 65536 kúrò nínú ẹ̀, ó ku −1800. −18.00 dígírì gan-an! Ohun tó gba afẹ́fẹ́ kọjá pé pérépéré, ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ ló ṣì í túmọ̀.

Tó bá jẹ́ pé library náà wà ní títì pa ni, ibi tí màá parí sí nìyẹn, màá kọ lẹ́tà sí wọn, màá máa dúró. Ṣùgbọ́n mo tẹ orúkọ function, ìyẹn apá kóòdù tó ń túmọ̀ báìtì náà, lẹ́ẹ̀kan, mo ti wà nínú kóòdù tí wọ́n kọ. Ìlà kan ṣoṣo ni. Ó mú báìtì kejì, ó sún un sápá òsì ní ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, ó fi báìtì àkọ́kọ́ kún un, ó pín in sí 100, kò sì síbi tó ti bi í pé ṣé nọ́ńbà yìí wà lókè òdo àbí nísàlẹ̀. Mo wo ìtàn ìlà yẹn nínú git, tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tó bá kóòdù, látọjọ́ tí wọ́n ti dá function náà sílẹ̀ ló ti wà bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń lò ó, inú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni sẹ́ńsọ̀ wọn wà, kò sẹ́ni tó tíì gbé e kọjá òdo.

Mi ò kọ́kọ́ tún un ṣe. Test, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń yẹ kóòdù mìíràn wò, ni mo kọ́kọ́ kọ, pé tẹ́ ẹ bá fún function yìí ní F8 F8, −18.00 ni kó dá padà. Mo ṣe é, ó kùnà, bó ṣe yẹ. Mo wá fi .toShort(), tó ń jẹ́ kí nọ́ńbà báìtì méjì lè lọ sísàlẹ̀ òdo, sídìí ìlà yẹn kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń pín in, mo tún test náà ṣe, ó yege. Mo fi méjì kún un, òdo fúnra ẹ̀ àti FA FF tó jẹ́ −0.06, torí ibi ààlà ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́. Mo kọ àlàyé tó ṣe ṣókí, mo fi àwòrán Wireshark sí i, mo fi ránṣẹ́.

Ẹni tó ń bójú tó library náà dáhùn lọ́jọ́ kejì. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ni mo máa ṣe sí 0x8000? Mo lọ ṣí ìwé òfin Bluetooth padà, òótọ́ ni, 0x8000 kì í ṣe òtútù kankan, ohun tí wọ́n fi ń sọ pé “a ò mọ iye ẹ̀” ni. Pẹ̀lú àtúnṣe mi, −327.68 ló máa jáde níbẹ̀, òtútù tí kò tiẹ̀ sí láyé yìí, nítorí kò sí nǹkan tó lè tutù kọjá −273.15. Inú mi dùn pé ó béèrè. Ojú ẹni tí ò mọ̀ mí rí, tó fara balẹ̀ ka ìlà kan tí mo kọ débi tó fi rí ohun tí mi ò rí, mi ò mọ ibòmíì tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó dá null padà, ìyẹn òfo, mo kọ test tiẹ̀ náà, ó gbà á wọlé.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí −127. Bóòdù tèmi, tí waya sẹ́ńsọ̀ bá já, −127 ló ń mú, ó ń sọ ọ́ di −12700, ó sì ń kéde ẹ̀ síta bí ẹni pé òtútù gidi ni! Mo padà sórí kóòdù ESP32, mo ní tó bá ti rí −127, 0x8000 ni kó fi ránṣẹ́. Lórí fóònù, mo pa ẹ̀dà library tí mo ti ń lò níkọ̀kọ̀ rẹ́, mo gba version tuntun tí àtúnṣe mi wà nínú ẹ̀, mo ní tí null bá dé kó kọ “kò sí ìròyìn” sójú fóònù.

Mo ṣí áàpù: −18.00. Mo fa waya sẹ́ńsọ̀ yọ lára bóòdù, nọ́ńbà lọ, “kò sí ìròyìn” dé. Mo ki waya padà, mo dúró díẹ̀, −18.06.